Ìró tó sọnù nínú Morris bàbá mi

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìdákẹ́jẹ́ kan fi ń da oorun mi rú. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ Morris Minor rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ kò tíì fa sítáátà, ẹ ó sì ti máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn irin tó pààlà láàárín yín àti ẹ́ńjìnnì: tọ̀, tọ̀, tọ̀, tọ̀. Á kọ́kọ́ yára, á wá máa falẹ̀, á dákẹ́. Bàbá mi kì í fa sítáátà àfi tó bá dákẹ́. "Ẹ jẹ́ kó mu ún tán," ni wọ́n máa ń sọ, àwa ọmọ tó há mọ́ra lẹ́yìn á sì máa kà á sókè. Lọ́jọ́ mìíràn, mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, méjìlá, nígbà mìíràn mẹ́rìnlá.

Pọ́ǹpù epo ló ń ké bẹ́ẹ̀, oníná tí wọ́n ń pè ní SU, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ wa. Nígbà tí ojú bàbá mi kò gbé e mọ́ ni wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Àdó, a fi tàpólì bò ó, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbé e dìde. A pààrọ̀ táyà, a tún bíréèkì ṣe, a tú tánkì sílẹ̀, a fọ̀ ọ́, a ra bátìrì tuntun. Oṣù méjì ló fi gbé mi lọ tó gbé mi bọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Mọ́kọ́lá, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bọ́ bàtà, mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá pọ́ǹpù náà bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún dákẹ́.

Pọ́ǹpù méjì láàárín ọjọ́ mẹ́rin

Mẹkáníìkì mi kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó mọ Toyota bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀, n kò sì ní gbàgbé oore tó ti ṣe fún mi. Ó wo pọ́ǹpù náà, ó ní, "Mọ́mì, èyí ti lọ. Ẹ jẹ́ ká fi tuntun sí i." N kò jiyàn. Ó ra ọ̀kan nínú àwọn pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ gbogbo, ó so wáyà pupa mọ́ ibi tí iná ti ń wá, ó so dúdú mọ́ ara ọkọ̀, bó ṣe máa ń so ó láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. A yí kọ́kọ́rọ́. Òórùn jíjóná la gbọ́.

Ohun tí kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀, ni pé nínú ọkọ̀ yìí, bó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, nẹ́gétíìfù ni. Pọ́ǹpù àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàtì, ìyẹn ojú irin méjì tó ń pàdé tó sì ń já láti tan iná kó sì pa á, kò bìkítà. Ibi yòówù kí ẹ kọjú wáyà rẹ̀ sí, á ké. Èyí tó jẹ́ ẹlẹ́tíróníìkì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í so lẹ́ẹ̀kan, ó lè parí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun fún ọkọ̀ àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ẹnu bátìrì tí wọ́n dè mọ́ irin kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tó ra èkejì, ó yí wáyà padà, ó sì ṣiṣẹ́. Ó ń kùn láìsinmi, ẹ́ńjìnnì dáhùn, mo wà á dé Bódìjà. Nígbà tí mo ń bọ̀, òórùn epo gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo páàkì, mo ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Epo ń kán láti ara kábúrétọ̀, bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, òkè páìpù èéfín gan-an ni kábúrétọ̀ wà, páìpù náà sì gbóná débi pé mo ń rí ooru tó ń jáde lára rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo pa á, mo rìn jìnnà sí i, mo dúró sẹ́bàá títì títí gbogbo rẹ̀ fi tutù.

Agbára ló pọ̀ jù fún un. Ẹ rántí gẹ́ẹ̀jì tí àwọn fókánáísà ń lò: táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba nǹkan bí 30. Lórí gẹ́ẹ̀jì kan náà, agbára tí pọ́ǹpù Morris fi ń ti epo kò tó 2. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri wọ̀nyẹn lè ti 4 títí dé 7. Abẹ́rẹ́ kan báyìí ló ń pa ilẹ̀kùn epo dé nínú kábúrétọ̀, kò sì lè di irú agbára bẹ́ẹ̀ mú, epo á ti ilẹ̀kùn náà, á sì ṣàn síta. Àwọn pọ́ǹpù ọkọ̀ òde òní tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì máa ń lé ní 40. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán ìyẹn wò rárá. Láti ìparí Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà bọ́ sí iye tó lé ní 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, n kò tún lè fojú yẹpẹrẹ wo epo tó ń kán sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ìbá ràn ni mo ń rò ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìbéèrè tí Bàbá bi mí

Àǹtí mi ló rántí pé ríwáyà tó máa ń tọ́jú ọkọ̀ náà nígbà ayé bàbá mi ṣì wà, pé wọn ò tíì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìnàlendé. Mo kó pọ́ǹpù àtijọ́ náà sínú agolo Bournvita, mo lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ Tíṣà!" ni wọ́n wí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Mo gbé agolo kalẹ̀, mo ro gbogbo ẹjọ́: èyí tó jóná, èyí tó ń da epo, iye tí mo ti ná. Wọ́n ń gbọ́, wọn kò fọwọ́ kan agolo náà. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Báwo ló ṣe ń ké kó tó dákẹ́?"

N kò lóhùn. Mo ti múra láti sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, mo tiẹ̀ ti kọ nọ́ńbà tó wà lára pọ́ǹpù náà sínú ìwé. Láti ọjọ́ tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi náà kò sì bi ara mi. Bàbá ríwáyà náà ò kánjú. Wọ́n mú orógbó kan, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo di ojú, mo gbìyànjú láti padà sínú ọkọ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tó kú. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn. Ó ń yára. Kì í dákẹ́. Láti ilé dé ibi iṣẹ́ ló ń ké tatatatata, mo sì rò pé ara rẹ̀ le ni. Inú mi tiẹ̀ dùn sí i.

"Ó ń ké sí ọ," ni Bàbá wí. "Afẹ́fẹ́ ló ń mu, kò rí epo mu. Ẹni tó ń sáré tọ̀sán-tòru, ìgbà wo ni kò ní ṣubú?" Wọ́n wá fọwọ́ ti agolo náà díẹ̀. "Èyí tó wà níbí ti jóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jó o kò sí nínú agolo yìí. Bí o bá fi pọ́ǹpù wúrà síbẹ̀, á tún jó. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, dókítà kan bi àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè pé, "Báwo ni èémí wọn ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" A wo ojú ara wa. A ti ra oògùn ikọ́ oríṣi mẹ́ta. A ti ra ìrọ̀rí mìíràn, nítorí bàbá wa ní àwọn ò lè sùn pẹrẹsẹ mọ́. Kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n lóru láti tẹ́tí. N kò sọ pé à bá ti dá ikú dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú ilé tó kún fún àwọn tó fẹ́ràn wọn, a sì ń ra nǹkan.

Kẹ̀kẹ́ idẹ mọ́kànlá

Bàbá pe ọmọ iṣẹ́ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì. Wọ́n ṣí fìlà dúdú tó wà lórí pọ́ǹpù. Kọ́ńtáàtì ló wà lábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti dúdú, ó ti jẹ ihò bí eyín tí kòkòrò jẹ. Wọ́n wá tú súkúrù mẹ́fà tó yí ìbàdí rẹ̀ ká, pọ́ǹpù náà sì là sí méjì. Awọ pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín, òun ni wọ́n ń pè ní dáyáfírámù. Bàbá ní kí n fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kó rọ̀ bí etí ẹran. Ó le bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ tí wọn ò tíì rẹ sómi. Ọdún mọ́kànlá lábẹ́ tàpólì ló ṣe èyí. Jíjókòó lójú kan máa ń ba pọ́ǹpù yìí jẹ́ ju ìrìn àjò lọ.

Wọ́n rọra yí irin tó wà láàárín awọ náà títí ó fi bọ́, wọ́n sì da ojú rẹ̀ kọ ìwé ìròyìn. Àwọn kẹ̀kẹ́ idẹ wẹ́wẹ́ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró àgbàdo lọ. "Kà á," ni wọ́n wí fún ọmọ náà. Ó kà á, mẹ́wàá. "Tún un kà." Mẹ́wàá. Bàbá gbé gbogbo irinṣẹ́ sílẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, àwọn ló ń di irin náà mú ní àárín gbùngbùn kó lè máa lọ kó máa bọ̀ láìfara kan ògiri. Bí ọ̀kan bá sọnù, á tẹ̀ sápá kan, á sì há. Ọmọ náà sáré mú òòfà wá láti fi wá a nínú iyẹ̀pẹ̀. "Idẹ ni," ni Bàbá wí. "Òòfà kì í mú idẹ." Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fojú wá ilẹ̀ káàkiri. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wo inú ikùn pọ́ǹpù náà fínnífínní, mo sì rí i: epo àtijọ́ tó ti di oje ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo fi èékánná yọ ọ́. N kò ní gbàgbé bó ṣe rí ní àtẹ́lẹwọ́ mi, etí rẹ̀ rí róbótó, ó ṣì ń dán lápá kan.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti ṣàlàyé ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná á sọ wáyà inú rẹ̀ di òòfà, òòfà á fa irin, irin á fa awọ, epo á wọlé láti tánkì. Bó bá fà dé òpin, kọ́ńtáàtì á já, òòfà á kú, sípíríǹgì kan á wá ti awọ padà, epo á lọ sí kábúrétọ̀. Tọ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀. Iná kọ́ ló ń ti epo. Sípíríǹgì ni, ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ kì í fi í pọ̀ jù. Bí kábúrétọ̀ bá yó, ilẹ̀kùn á tì, sípíríǹgì kò ní rí ibi ti epo sí mọ́, gbogbo rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi tún bèèrè.

Nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ tí bàbá mi máa ń dúró dè, "mo ti yó" ni. Bí kò bá ké rárá, ẹ wo iná àti kọ́ńtáàtì. Bó bá ń ké láìdábọ̀, tí epo kò sì dé, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti apá tánkì, tàbí ìdọ̀tí há sí fáàfù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, tó ń ké lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, epo ń jò níbì kan tàbí kó máa padà sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni Bàbá fi sọ èyí, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè rí i kà kó yé mi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà ara àti etí

Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n bí mo ti rò. Ní Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń ṣe pọ́ǹpù SU títí di òní, ti kọ́ńtáàtì àti ti ẹlẹ́tíróníìkì, pẹ̀lú gbogbo nǹkan tí èèyàn nílò láti tún ti àtijọ́ ṣe. Àbúrò mi tó wà ní London fi awọ tuntun àti wọ́ṣà ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Mo ní kó bèèrè èyí tó lè fara da epo ìsinsìnyí. Láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, epo tí wọ́n ń tà jù lọ́dọ̀ wọn lè ní ẹtánọ́ọ̀lù tó tó ìdá 10 nínú 100, àwa náà kò sì tíì gbàgbé Oṣù Kejì ọdún 2022 tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí ìlà gígùn fi ọjọ́ púpọ̀ wà ní ilé epo. Ọtí inú epo máa ń bá rọ́bà àtijọ́ jà.

Kọ́ńtáàtì, Bàbá ní kí n má rà á. Wọ́n fa agolo mílíìkì kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, pọ́ǹpù SU mẹ́ta tó ti kú ló wà níbẹ̀, wọ́n sì yọ kọ́ńtáàtì tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́ láti ara ọ̀kan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìtò rẹ̀ ló gba àkókò jù. Wọ́n yí awọ tuntun wọlé títí kọ́ńtáàtì kò fi ta mọ́, wọ́n wá ń tú u padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ta, lẹ́yìn náà wọ́n tún tú u sí i ní ìwọ̀n ihò súkúrù mẹ́rin. Ihò mẹ́fà ló yí i ká, nítorí náà mẹ́rin jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyípo kan. Wọ́n kà á sókè, ọmọ iṣẹ́ náà sì kà á tẹ̀lé wọn.

Mo bi wọ́n léèrè àwọn tó ti gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pọ̀. Èwo nínú wọn ló lè tún èyí tò? Bàbá ronú, wọ́n dárúkọ ẹnì kan, wọ́n ní ó ti ṣaláìsí. Mo rí i pé awọ tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti òkè òkun kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí tó gba ogójì ọdún, tí kò sì sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é.

N kò bá ohun tuntun jà. Corolla mi ti gbé mi fún ọdún mẹ́sàn-án, inú tánkì ni pọ́ǹpù rẹ̀ wà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó bá kú, a ó rà á, a ó fi sí i, ó parí, mo sì dúpẹ́ fún un. Bí Morris mi bá jẹ́ ọkọ̀ tí mo fẹ́ máa gbé rin òru lọ sí Èkó, màá ra ẹlẹ́tíróníìkì tí wọ́n ṣe fún un, tó bá apá tí wọ́n de bátìrì sí mu, màá sì fi ti kọ́ńtáàtì sínú búùtù. Ohun tí n kò fara mọ́ mọ́ ni ìkánjú yẹn, pé kí ọwọ́ ti dé àpò owó kí etí tó ṣiṣẹ́. Ìkánjú yẹn ti di àṣà wa. Ara gbóná, a ti gbé oògùn ibà mì kí ẹnikẹ́ni tó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ń kùnà nílé ìwé, a ti pààrọ̀ ilé ìwé. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ṣe méjèèjì.

Ìgò epo

Nígbà tí pọ́ǹpù náà parí, Bàbá wá sí Òkè-Àdó fúnra wọn, àwọn àti ọmọ náà lórí ọ̀kadà. Wọ́n dè é sípò, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ká so páìpù rẹ̀ mọ́ kábúrétọ̀. Wọ́n ní kí n mú ìgò wá. Wọ́n ti ẹnu rọ́bà bọ ìgò náà títí ó fi rì sínú epo díẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí n yí kọ́kọ́rọ́.

Tatatatata.

Mo gbọ́ ohùn náà, omi sì lé sí mi lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn àìsàn ni. Ọmọ iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú ìgò. "Bàbá, ó ń hó," ló wí. Hóró afẹ́fẹ́ ń jáde nínú epo náà tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Epo tútù kì í hó," ni Bàbá dáhùn. "Níbo ló ti ń wọlé?"

Ọmọ náà kò tíì dáhùn. Ó tẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fọwọ́ tọ páìpù náà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn rẹ̀ ti wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, níbi tí a ti tú u nígbà tí a fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì tó de páìpù mọ́ tánkì ń yí mọ́ ọ lọ́wọ́ láìlo sípánà.

Bàbá na sípánà sí i lábẹ́ ọkọ̀, wọn kò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, hóró inú ìgò dá. A so rọ́bà padà mọ́ kábúrétọ̀. Mo jókòó sí ibi tí bàbá mi máa ń jókòó sí, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo sì gbé ọwọ́ mi kúrò lára sítáátà. Tọ̀, tọ̀, tọ̀. Ọmọ náà ń kà á sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó dé mẹ́sàn-án, ó sì dákẹ́.